Ohun tó wà nínú kúlà Ìyá Èkó

Kúlà fóòmù funfun kan wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Òkè Pópó. Ìyá Èkó la máa ń pè é nínú ẹbí. Aṣọ ló ń rán, ṣùgbọ́n ó máa ń kó sóbò àti omi tútù sínú kúlà yẹn kí òǹgbẹ má baà gbẹ ẹni tó jókòó de aṣọ. Èmi ni mo gbé e wá fún un láti láàbù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lápá Yábàá. Ó ti kìlọ̀ fún mi tipẹ́ pé bí wọ́n bá fẹ́ da irú rẹ̀ nù níbi iṣẹ́ wa, kí n rántí òun.

Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni n kò rántí ṣí kúrò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan kà á sókè: "Anti-CAF-1 p150, rabbit polyclonal, 100 µl, for research use only." Bó ṣe wá di pé gbogbo àdúgbò gbọ́ pé oògùn jẹjẹrẹ ló wà nínú kúlà Ìyá Èkó, Ọlọ́run ló yé. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Àkànní, ṣé kò ní ṣe àwọn tó ti mu sóbò mi ní nǹkan? Tó bá sì jẹ́ pé oògùn ni lóòótọ́, ìyàwó Àlàájì tó wà lókè wa ń wá irú ẹ̀."

Mo ní kí Ìyá Èkó fọkàn balẹ̀, pé kò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ìgò kan ṣoṣo tí kò gùn tó ìka ọwọ́ ló wà nínú kúlà náà nígbà tó dé, inú ọ̀rá ni wọ́n dì í sí, yìnyín ló sì kún ibi tó kù. Mo tún sọ fún wọn pé kì í ṣe oògùn, pé áńtíbọ́dì tí a fi ń ṣèwádìí lásán ni.

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ìdáhùn ìyẹn ò ṣeé sọ lórí fóònù. Mo sọdá afárá lọ́jọ́ Sátidé.

Ìdí òwú ni mo ti bẹ̀rẹ̀, torí ìdí òwú ló jókòó sí. Mo ní kí wọ́n wo kẹ̀kẹ́ òwú tó wà lórí máṣíìnì wọn. Nínú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ara wa, òwú kan wà tó ń jẹ́ DNA, inú rẹ̀ ni ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé wà. Bí a bá na gbogbo DNA inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tán, ó tó nǹkan bí mítà 2. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí ọkùnrin tó ga tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Òkè Pópó. Yàrá àárín sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kó o sí wá rèé: bí a bá to ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àfàìmọ̀ ni wọn ò ní tó mìlímítà 1 péré. Òwú tó gùn báyìí, nínú ibi tó há báyìí, bí wọn ò bá wé e, kíá ni yóò lọ́ mọ́ra.

Wọ́n sì wé e lóòótọ́. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń wé e mọ́ ni purotéènì tí wọ́n ń pè ní hísítóònì. Oríṣi mẹ́rin ló ń para pọ̀ di kẹ̀kẹ́ kan: H2A, H2B, H3 àti H4, méjì méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ. Lẹ́tà DNA 147 ló ń yí kẹ̀kẹ́ kan po, kò sì pé ẹ̀ẹ̀mejì tó fi yí i ká. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kan ní irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù 30. Roger Kornberg ló ṣàlàyé ní 1974 pé bí wọ́n ṣe tò ó nìyẹn. Òwú àti àwọn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lápapọ̀ là ń pè ní kúrómátíìnì.

Ìyá Èkó ń fi ẹsẹ̀ gún máṣíìnì, wọ́n kàn ń mi orí. Lójijì ni wọ́n dẹ́kun.

"Ta ló ń wé e?"

Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, n kò rí ibi tí wọ́n ti béèrè rẹ̀ tó ṣe tààrà báyẹn. Òwú àti kẹ̀kẹ́ ò lè dá wé ara wọn. Bí ẹ bá da hísítóònì àti DNA pọ̀ sínú omi lásán, ńṣe ni wọ́n máa fà mọ́ra lódìlódì, wọ́n á sì dì gbagidi bí òwú tí ọmọ kékeré fi ṣeré. Ó gbọ́dọ̀ ní ọmọṣẹ́ tó ń gbé kẹ̀kẹ́ dání, tí kò ní jẹ́ kó fara kan òwú kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Irú àwọn purotéènì bẹ́ẹ̀ pọ̀, wọ́n sì pín iṣẹ́ láàrin ara wọn. NAP1 ń gbé H2A àti H2B. ASF1 ń gbé H3 àti H4. HIRA ń rí sí ibi tí kò bá sí kẹ̀kẹ́ lórí òwú nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ò pín. Èyí tó wà lára ìwé kúlà náà, CAF-1, ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń múra àtipín ni iṣẹ́ tiẹ̀ máa ń dé.

Ibi yìí ló dùn jù fún mi nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, torí náà ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Kí sẹ́ẹ̀lì kan tó di méjì, ó gbọ́dọ̀ da òwú mítà 2 yẹn kọ látòkèdélẹ̀, kó di òwú méjì. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ á pín sára òwú méjèèjì, ṣùgbọ́n ìdajì ni wọ́n á lè dí. Ìdajì tó kù, tuntun ló gbọ́dọ̀ wọlé, kíákíá, bí òwú ṣe ń jáde lọ́wọ́. Níbi tí wọ́n ti ń da òwú kọ, òrùka kan wà tó ń rìn lórí rẹ̀, PCNA lorúkọ rẹ̀. CAF-1 á di òrùka yìí mú, á gba H3 àti H4 lọ́wọ́ ASF1, á sì gbé wọn lé òwú tuntun. H2A àti H2B á wá tẹ̀ lé e. Òun ni ọmọṣẹ́ tó jókòó sẹ́nu máṣíìnì gan-an. Susan Smith àti Bruce Stillman ló rí i ní Cold Spring Harbor ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 1989. Purotéènì mẹ́ta ló so pọ̀ nínú rẹ̀: p150, p60 àti p48. Èyí tó ń di òrùka mú ni p150.

Ẹ óò ti rí ibi tí jẹjẹrẹ ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Sẹ́ẹ̀lì tí kò pín mọ́ ò nílò CAF-1 púpọ̀, díẹ̀ ló máa ń ní. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí kì í sinmi pípín máa ń ní in rẹpẹtẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fi ń wò ó. Ó tún lé ìyẹn lọ, torí bí wọ́n bá ṣe wé òwú ló ń sọ apá tí sẹ́ẹ̀lì lè kà àti apá tí kò lè kà. Ní 2015, àwọn onímọ̀ fi hàn nínú sẹ́ẹ̀lì eku pé bí wọ́n bá dín CAF-1 kù, ó máa ń rọrùn láti sọ sẹ́ẹ̀lì tó ti dàgbà di irú èyí tó tún lè di sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Ìyẹn ni pé wíwé yìí wà lára ohun tó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì awọ rántí pé awọ lòun.

Kò sẹ́ni tó lè fi ojú lásán rí p150. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríṣi purotéènì ló kún inú sẹ́ẹ̀lì kan. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀, àti bóyá ó pọ̀ tàbí ó kéré?

Ẹ ká sọ pé wọ́n rán ọmọ kan lọ sí ọjà Balógun ní ìrọ̀lẹ́ ọdún Iléyá ku ọ̀la, pé kó lọ wá ọkùnrin kan wá. Kò mọ orúkọ rẹ̀, kò mọ ilé rẹ̀, ilà ojú rẹ̀ nìkan ni wọ́n júwe fún un. Bí ọmọ náà bá rí ilà yẹn, á di aṣọ ẹni náà mú, kò ní jọ̀ọ́ lọ. Áńtíbọ́dì nìyẹn. Ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe wọ́n láti fi di kòkòrò àrùn mú. Ó rí bíi lẹ́tà Y, orí ẹ̀ka rẹ̀ méjèèjì ló sì fi ń dá ilà kékeré kan mọ̀ lára purotéènì. Gbogbo ohun tó mọ̀ náà nìyẹn. Kò mọ p150 sí p150, ilà ló mọ̀.

Láti rí áńtíbọ́dì tó mọ ilà p150, wọ́n máa ń gé díẹ̀ lára p150 ti ènìyàn, wọ́n á gún ehoro ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ara ehoro á rí i pé àlejò ni, á ṣe áńtíbọ́dì sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, wọ́n á yọ áńtíbọ́dì inú rẹ̀. Ti ehoro yìí jẹ́ àdàlù, òun ni ìwé kúlà pè ní polyclonal: oríṣiríṣi ọmọ tí a rán, ẹnì kan ń wo ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹnì kan ń wo ti iwájú orí. Ọ̀nà kejì ni kí a mú sẹ́ẹ̀lì eku kan ṣoṣo tó ń ṣe áńtíbọ́dì kan ṣoṣo, kí a so ó pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí kì í kú, kó máa ṣe irú kan náà lọ láìdáwọ́ dúró. Georges Köhler àti César Milstein ló gbé ìyẹn jáde ní 1975, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1984 pẹ̀lú Niels Jerne.

Báyìí la ṣe ń lò ó. A óò tú sẹ́ẹ̀lì palẹ̀ nínú omi ọṣẹ, a óò sè é díẹ̀ kí gbogbo purotéènì lè nà gbọọrọ, a óò wá dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú nǹkan tó dà bí ẹ̀kọ tútù, iná mànàmáná á sì máa fà wọ́n lọ sí òdìkejì. Ẹni tó bá ti gba Ìdúmọ̀tà kọjá mọ bó ṣe máa rí. Ọmọ tínínrín á yọ́ kọjá láàrin èrò, obìnrin tó ru ẹrù ńlá á ṣì máa tọrọ ọ̀nà lẹ́yìn. Lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì, àwọn kékeré ti dé ìsàlẹ̀, àwọn ńlá wà lókè. A óò ká wọn sórí awẹ́ funfun kan tó fẹ́lẹ́, a óò sì rẹ awẹ́ náà sínú mílíìkì.

"Mílíìkì kẹ̀?" Ìyá Èkó bú sẹ́rìn-ín. "Ti inú tíì?"

Mílíìkì ni mà, oníyẹ̀fun tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀, gíráàmù 5 nínú mìlílítà 100. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dí gbogbo àyè tó ṣófo lórí awẹ́ náà kí áńtíbọ́dì má baà máa lẹ̀ mọ́ ibi tí kò kàn án. Lẹ́yìn ìyẹn la óò fi áńtíbọ́dì ehoro sí i, díẹ̀ bíńtín: ìdá kan nínú 1000. A óò fi sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì. Tílẹ̀ bá mọ́, a óò ṣan án, a óò wá fi áńtíbọ́dì kejì sí i, ti ewúrẹ́, tó jẹ́ pé ti ehoro ló máa ń dì mú, tí wọ́n sì ti so ohun tó lè tan ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọn nídìí. A óò da omi tó ń jẹ́ kó tàn sí i, a óò gbé e sábẹ́ kámẹ́rà. Ìlà dúdú kan á yọ. Ibi tí ìlà náà wà ni p150 wà. Western blot lorúkọ iṣẹ́ náà, òun ni wọ́n ń pè ní WB nínú ìwé tó máa ń bá ìgò wá.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é, n kò sùn. Ìwé sọ pé bí a bá ṣírò àwọn amino acid 956, ìyẹn àwọn ẹyọ tó so kọ́ra di p150, ìwọ̀n rẹ̀ ò ju nǹkan bí kìlódálítónì 107 lọ, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn purotéènì. Ìlà tèmi wá jókòó sí 150 gẹ́lẹ́. Mo rò pé wọ́n ti ta ayédèrú fún wa, mo sì tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ méjì tún lọ. Ìlà náà padà sí 150. Ọ̀gá wa ló rẹ́rìn-ín tó ní kí n tún orúkọ rẹ̀ kà. Ìdí tí wọ́n fi pè é ní p150 nìyẹn: apá kan lára rẹ̀ kún fún amino acid tí iná ń bẹ lára wọn, ìyẹn sì ń mú kó rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ju bó ṣe wúwo lọ. Ó ru ẹrù tí kì í ṣe tiẹ̀.

Ṣùgbọ́n pé ìlà jókòó sí 150 ò tíì tó ẹ̀rí. Ẹni méjì lè kọ pélé kan náà kí wọ́n má tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìlú kan. Bí áńtíbọ́dì bá rí purotéènì mìíràn tí ilà rẹ̀ jọ ti p150, á dì í mú láìṣiyèméjì. Ohun tó lè yanjú rẹ̀ ni kí a mú sẹ́ẹ̀lì kan tí a ti mọ̀ọ́mọ̀ pa ìlànà p150 rẹ́ nínú rẹ̀, kí a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a kò fọwọ́ kàn. Bí ìlà bá pòórá nínú èyí tí a pa rẹ́, áńtíbọ́dì náà mọ ẹni tó ń wá. Bí ìlà bá ṣì wà níbẹ̀ gbọin, ẹlòmíràn ló dì mú, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára ìgò. Tèmi ni pé ẹni tí kò bá ṣe èyí kò yẹ kó kọ nǹkankan jáde.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà lórí ilà. Nínú WB, a ti na purotéènì gbọọrọ, gbogbo ilà rẹ̀ hàn síta. Bí a bá fẹ́ wò ó nínú sẹ́ẹ̀lì tó ṣì wà ní odindi, lábẹ́ maikirosíkóòpù, p150 ṣì ká jọ, ó ṣì ń di àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú, ilà yẹn lè ti bọ́ sábẹ́ ìbòrí. Áńtíbọ́dì tó mọ ojú ẹni lè má dá a mọ̀ tó bá da gèlè bo iwájú. Nítorí náà ni ìwé rẹ̀ ṣe máa ń sọ iṣẹ́ tí wọ́n ti dán an wò fún. Kì í ṣe pé ó dára ní ìhín kó wá dára níbi gbogbo.

Ẹni tó bá tún fẹ́ rà á, kó ṣọ́ orúkọ. Purotéènì mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní CAF1, tó jẹ́ pé RNA, ẹ̀dà ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì ń dà kọ láti inú DNA, ló ń gé nídìí, kò bá tiwa tan rárá. CHAF1A ni kẹ́ ẹ wá fún p150, CHAF1B fún p60. Owó ìgò kan lè tó dọ́là 300 sí 500, kì í ṣe owó tí èèyàn ń fi ṣàṣìṣe.

Ó wá ku ti ìyàwó Àlàájì. Áńtíbọ́dì tó jẹ́ oògùn wà lóòótọ́. Trastuzumab wà lára wọn, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1998 fún irú jẹjẹrẹ ọyàn kan tó ní purotéènì tó ń jẹ́ HER2 púpọ̀. Wọ́n dán ìyẹn wò lára ènìyàn fún ọdún púpọ̀, dókítà ló sì ń fa á sára aláìsàn. Tinú ìgò wa kò rí bẹ́ẹ̀. Àtehoro ni, ara ènìyàn á rí i bí àlejò. Wọ́n sì máa ń fi sódíọ̀mù ásáìdì díẹ̀ sínú irú rẹ̀ kí kòkòrò má baà hù níbẹ̀, májèlé sì ni ásáìdì. Kódà bí a bá tiẹ̀ gún un lábẹ́rẹ́, inú lọ́hùn-ún nínú sẹ́ẹ̀lì ni p150 wà, áńtíbọ́dì kò sì lè dá wọbẹ̀. Ohun tó wà fún ni kó nawọ́ sí nǹkan, kì í wo ẹnikẹ́ni sàn. Mo ní kí Ìyá Èkó sọ fún ìyàwó Àlàájì pé kó padà sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, kó má gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó bá ní òun mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù.

Ìyá Èkó béèrè ìdí tí kúlà fi tóbi tó bẹ́ẹ̀ nítorí ìkán omi méjì mẹ́ta. Ooru ni. Tó bá ti dé, inú fírísà la ń gbé e sí, ní 20 sísàlẹ̀ òdo. Gílísírínì tó jẹ́ ìdajì rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó dì, torí dídì àti yíyọ́ léraléra ló ń bà á jẹ́. Ní Èkó, ẹ mọ ẹni tó ń pinnu ìyẹn. Ọdún kan, wọ́n mú iná lọ ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ìsinmi gùn, dísù tán nínú jẹnẹrétọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Omi ni mo fi ẹsẹ̀ gbá nílẹ̀ nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn. Ìlà 150 tó máa ń dúdú bí aró ti di òjìji. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pín ìgò tuntun sí kéékèèké, ìdajì lọ́dọ̀ wa, ìdajì nínú fírísà àwọn tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ní ínfátà.

Ìyá Èkó ti rán apá kan tán. Wọ́n já òwú pẹ̀lú eyín.

"Ehoro yẹn ńkọ́?"

N kò retí ìyẹn. Mo ní ehoro kì í wà láéláé mà. Tó bá kú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó wà nílẹ̀ ló kù, tí ìyẹn bá tán, wọ́n á gún ehoro mìíràn, ti ìyẹn ò sì ní rí bákan náà gẹ́lẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni wọ́n máa kọ sára ìgò. Ní 2015, àwọn onímọ̀ tó lé ní 100 fọwọ́ sí ìwé kan pé kí wọ́n máa fi ìlànà DNA áńtíbọ́dì fúnra rẹ̀ ṣe é nínú sẹ́ẹ̀lì, kí gbogbo ìgò lè jẹ́ ọ̀kan náà, kí wọ́n sì yọ ehoro kúrò nínú ọ̀rọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ síbẹ̀. Ní báyìí ná, nọ́ńbà kan máa ń wà lábẹ́ orúkọ lára ìgò, òun ló ń sọ irú ìpele tó ti wá. Mo ti da tiwa kọ sínú ìwé láàbù. Tó bá ku díẹ̀ kó tán, màá ra òmíràn, màá sì to àtijọ́ àti tuntun sórí awẹ́ kan náà kí n tó gbà pé ẹnì kan náà ni wọ́n ń wá.

"Kúlà tuntun náà á wá nígbà náà nìyẹn," wọ́n ní.

Mo yọ ìwé ara ti àtijọ́ kúrò kí n tó lọ, mo sì fi ọṣẹ fọ ibi tó lẹ̀ mọ́.